Ọdún Mẹ́sàn-án àti Pẹ̀lẹ́ Kan

Ẹ má bi mí ní iye ọdún tí bẹ́líìtì dúdú ń gbà. Gbogbo ará ìjọ wa ló ti bi mí tán. "Sister Dóyin, ẹ ṣì ń kọ́ karátè yẹn?" Wọ́n á béèrè bí ẹni tó ń béèrè aláìsàn tí kò fẹ́ kú tí kò sì fẹ́ dìde. Ọkọ mi, Ọláwándé, máa ń fi ìka ṣírò rẹ̀ fún mi: PR wa, ìwé ìgbélùú, gba ọdún kan ààbọ̀, ìwé àṣẹ tí mo fi ń ṣe nọ́ọ̀sì níbí gba ọdún méjì, ìwé ọmọ onílùú gba ọdún márùn-ún. "A ti di ọmọ Canada tán, ìwọ ò tíì di oníbẹ́líìtì," ni ó máa ń wí. "Ṣé ọba ni wọ́n fẹ́ fi ọ́ jẹ ni?"

Nínú ẹgbẹ́ wa, ẹni tó bá yára á lo ọdún mẹ́fà. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ tó tún ń tọ́mọ á lo méje tàbí mẹ́jọ. Èmi lo mẹ́sàn-án, kì í sì í ṣe pé ẹsẹ̀ mi wúwo tàbí pé ọwọ́ mi rọ. Ẹnu mi ló fà á. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó máa ń jáde lẹ́nu mi ló dá mi dúró.

Ọsibítù ni ọ̀rọ̀ náà ti kọ́kọ́ kó mi sí wàhálà. Ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbí ni. Mo ń yí ọkùnrin kan padà lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹni bí ogójì ọdún, ó sígbọnlẹ̀, ọtí ló gbé e wá. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó ti di ẹ̀ṣẹ́, ó sì ti kàn mí lẹ́nu. Ètè mi là. Eyín mi kan mì. Ẹ̀jẹ̀ kán sórí aṣọ ìbora funfun. Ṣùgbọ́n eyín mi gé ìka òun náà, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké pé ọwọ́ òun, ọwọ́ òun. Kí lẹ rò pé èmi sọ, èmi tí ẹ̀jẹ̀ kún ẹnu mi? Mo ní, "Pẹ̀lẹ́ o. Sorry, sorry."

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá, ẹ mọ ohun tí mo sọ. Ẹni tó kọsẹ̀ lójú ọ̀nà, a ó kí i ní pẹ̀lẹ́. Ẹni tí ata ta sí lójú, a ó kí i ní pẹ̀lẹ́. Àwa kọ́ la gbé òkúta síbẹ̀, àwa kọ́ la gún ata, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́ ni kò lẹ́kọ̀ọ́. Létí òyìnbó, ẹni tó bá sọ sorry ti gbà pé òun jẹ̀bi. Ọ̀gá wa kọ ọ́ sínú ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ pé nọ́ọ̀sì náà tọrọ àforíjì lọ́wọ́ aláìsàn lójú ẹsẹ̀. Wọ́n pè mí sí ìpàdé, wọ́n ní kí ni mo ṣe fún ọkùnrin náà tí mo fi ń bẹ̀ ẹ́. Mo ṣàlàyé títí ètè tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán fi tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀jẹ̀. Wọ́n ní kò burú, kí n máa ṣọ́ra.

Inú bí mi débi tí mi ò lè jẹun. Mo búra pé ẹnikẹ́ni ò ní gbá mi lásán mọ́, ẹnu mi ò sì ní jẹ́rìí takò mí mọ́. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo forúkọ sílẹ̀ fún karátè.

Orí ṣọ́ọ̀bù táyà kan ládùúgbò Marlborough ni ilé karátè wa wà, èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn ín láti ibùdó train. Gord ni tíṣà wa, òyìnbó ẹni ọgọ́ta ọdún tó ń wakọ̀ wá láti ìlú Cochrane, ìbáà jẹ́ snow, ìbáà jẹ́ oòrùn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni imú rẹ̀ ti ṣẹ́. Karátè tiwa kì í ṣe èyí tí wọ́n ti ń fọwọ́ gé afẹ́fẹ́. Ẹ̀ṣẹ́ ò gbọdọ̀ kan ojú tàbí ọ̀fun, ibẹ̀ ni àánú parí sí. Àyà, ikùn, ìhà, itan, gbogbo rẹ̀ là ń lù, ẹsẹ̀ sì lè dé orí. Rọ́bà eyín nìkan la ń wọ̀. Láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, itan mi dúdú ju bí Ọlọ́run ṣe dá a lọ.

Kí n má parọ́, mo gbádùn rẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo ta ọkùnrin kan nípàá níkùn tó sì jókòó sílẹ̀ gbì, inú mi dùn débi tí ẹ̀rù ara mi fi bà mí. Mo ń lọ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ìka ẹsẹ̀ mi kán lẹ́ẹ̀mejì. Mo fi egungun àyà tó sán ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin, mò ń gbé aláìsàn, mi ò sọ fún ẹnì kankan.

Ìdánwò bẹ́líìtì dúdú wa rọrùn láti ṣàlàyé. Ẹni mẹ́wàá ni wàá bá jà, ìṣẹ́jú méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kò sí ìsinmi láàárín. Adájọ́ mẹ́ta á jókòó. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni Gord ń gbà kí èèyàn dán an wò. Ẹni tó bá kùnà lẹ́ẹ̀kẹta, bẹ́líìtì bíráùn ni yóò máa wọ̀ títí ayé.

Nígbà àkọ́kọ́, mo ti bá ẹni mẹ́rin jà. Ẹnìkarùn-ún jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ga bí òpó iná. Mo fi ojúgun gbá a nítan lẹ́ẹ̀mẹta lójú kan náà. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, ó wó, ó sì ké. Ẹnu mi já: "Pẹ̀lẹ́!" Ọwọ́ mi méjèèjì sì wálẹ̀ láti fà á dìde. Ó dìde lóòótọ́, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ dìde. Ó gbá mi lẹ́bàá etí. Mo rí òrùlé, lẹ́yìn ìyẹn mi ò rí nǹkan kan mọ́ títí Gord fi ń da omi sí mi lójú.

Nígbà kejì, ọwọ́ mi ò wálẹ̀. Mo dé ọ̀dọ̀ ẹnìkẹjọ. Òógùn ti mú gbogbo ara yọ̀, ẹ̀ṣẹ́ tí mo jù sí obìnrin náà láyà sì yọ̀ lọ sí ọ̀fun rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ojú rẹ̀ pọ́n. "Sorry, sorry," ni mo wí. Adájọ́ méjì wo ara wọn. Wọ́n ní bí mi ò bá sọ̀rọ̀ ni, àwọn ì bá kà á sí àṣìṣe, ṣùgbọ́n èmi fúnra mi ti jẹ́wọ́. Wọ́n dá ìjà dúró, wọ́n ní kí n lọ wẹ̀.

Gord bá mi níbi tí mo ti ń tú bẹ́líìtì. "You know how long a black belt takes, Dóyin?" ni ó bi mí. "As long as it takes you to stop being sorry."

Mo sunkún nínú ọkọ̀ láti Marlborough dé ilé wa ní Pineridge, bẹ́ẹ̀ kò tiẹ̀ jìnnà. Ọmọ mi, Inúolúwa, ẹni ọdún mọ́kànlá, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí. "Mom, just don't say it," ni ó wí. Àfi bí ẹni tó ní kí n má mí mọ́.

Mardiyah ló wá pẹ̀lú ọgbọ́n. Nọ́ọ̀sì ni òun náà, ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ọmọ Ìbàdàn tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Èmi ni mo mú un wá sí karátè ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di ẹ̀ṣẹ́. Ó máa ń de hijab eré ìdárayá rẹ̀ pinpin, ó sì máa ń ta èèyàn nípàá bí ìbaaka. Síbẹ̀, bó bá ti rí mi, á kúnlẹ̀ kí mi lójú gbogbo òyìnbó, á ní, "Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n." Gord rò pé ó wà lára karátè.

"Ẹ̀gbọ́n, reflex ni nǹkan yẹn," ni Mardiyah wí fún mi. "A lè pa á. Ẹ máa lù mí, èmi á máa pariwo. Ìgbàkígbà tí ẹ bá sọ pẹ̀lẹ́, mo máa gbá yín níkùn. Free of charge."

Mo rò pé ó ń dápàárá. Kò dápàárá. Ọjọ́ Tuesday àti Thursday, a ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí basement wa, yàrá abẹ́ ilé, a ó ti ilẹ̀kùn. Màá gbá a nítan, á wó lulẹ̀, á máa yí gbiri: "Yéè! Ẹsẹ̀ mi o! Ìyá mi o, wọ́n ti pa mí sílẹ̀ òyìnbó!" Ẹnu mi á já, màá ní pẹ̀lẹ́, ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ á sì wọ inú mi. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, mo bì lẹ́ẹ̀mejì sínú garawa. Ọláwándé máa ń kígbe láti òkè pé ṣé kí òun pe ọlọ́pàá.

Lóṣù kẹta, ẹnu mi ti ń gbọ́ràn. Màá bu rọ́bà eyín jẹ títí ọ̀rọ̀ náà á fi padà sí ọ̀fun. Lóṣù kẹfà, mo lè gbá a, kí n dúró, ọwọ́ mi sókè, kí n máa wò ó bó ṣe ń yí nílẹ̀ tó ń pe ìyá rẹ̀, kí n sì máa dúró de ìgbà tó máa dìde. Á dìde, á bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti di wicked! You don bad finish!" A ó jọ rẹ́rìn-ín, a ó jọ mu tíì.

Lọ́jọ́ kan, Inúolúwa fi ọ̀bẹ gé ìka níbi tó ti ń bó ọsàn. Ó na ọwọ́ sí mi, ẹ̀jẹ̀ ń kán. Mo fọ̀ ọ́, mo di báńdéèjì mọ́ ọn, mi ò sọ nǹkan kan. Ọmọ náà ń wo ẹnu mi. "Are you mad at me?" ni ó bi mí. Mo ní rárá. Inú mi bàjẹ́ díẹ̀, àmọ́ kí n sòótọ́, inú mi dùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí mo mọ̀ pé mo ti ṣe tán.

Ìdánwò kẹta bọ́ sí àárọ̀ Saturday kan nínú oṣù November. Snow ti bo gbogbo ilẹ̀. Ọláwándé àti Inúolúwa jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú àwọn ẹbí yòókù. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì ni mí, orúnkún mi ọ̀tún ti wú láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo sì mọ̀ pé bí n bá jáde níbẹ̀ láìrí bẹ́líìtì, ó parí nìyẹn.

Ẹnì kìíní gbá mi níkùn, mo gbá a nítan títí ó fi ń tiro. Ẹnìkejì àti ẹnìkẹta, mo fi ẹ̀ṣẹ́ tì wọ́n dé ògiri. Ẹnìkẹrin fi orúnkún sán mi láyà, atẹ́gùn tán nínú mi, mo rọ̀ mọ́ ọn bí ọmọ ọwọ́ títí mo fi tún lè mí. Ọmọkùnrin gíga ọjọ́sí ni ẹnìkarùn-ún. Mo gbá itan rẹ̀, ó wó, ó ké bó ṣe ké nígbà yẹn. Mo dúró, ọwọ́ mi sókè. Bó ṣe dìde, mo ta á nípàá níkùn, ó tún padà sílẹ̀. Gord mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Nígbà tí mo fi dé ọ̀dọ̀ ẹnìkẹsàn-án, mi ò mọ ọwọ́ mi yàtọ̀ sí ẹsẹ̀ mi. Ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní ihò imú mi kan torí orí ẹnì kan ti kọlù mí. Ojú mi òsì ti ń dí. Ẹ̀ṣẹ́ ń bá mi níkùn, mi ò tiẹ̀ gbọ́ ìrora rẹ̀ mọ́, ariwo rẹ̀ nìkan ni mò ń gbọ́. Mo dá tèmi padà, mo ń dá a padà, wọ́n fọn fèrè.

Gord na ìka sí ìlà àwọn tó jókòó. "Mardiyah."

Ó dìde, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó sì wọ inú ìjà bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Kò rọ̀ fún mi. Ó ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé bí Gord bá pe òun, òun ò ní rọ̀, torí bí òun bá rọ̀, wọ́n á ní ojúsàájú ni. Ẹ̀ṣẹ́ mẹ́rin bá mi láyà. Ó gbá orúnkún mi tó wú, ojú mi ṣú, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ sílẹ̀. Inú bí mi. Kì í ṣe sí i, inú kàn bí mi sí gbogbo ayé, sí ọkùnrin orí bẹ́ẹ̀dì, sí ìwé ìṣẹ̀lẹ̀, sí àwọn tó ń bi mí ní iye ọdún. Aago ara ògiri ní ó ku ogún ìṣẹ́jú àáyá. Mo yí ìbàdí, mo sì fi ojúgun mi gbá a níhà ọ̀tún pẹ̀lú gbogbo ohun tó kù nínú mi.

Mo gbọ́ ọ lára egungun mi. Nǹkan kan dá.

Mardiyah ò pariwo. Ó tẹ̀, ó la ẹnu, kò sí ohùn kankan níbẹ̀. Igúnpá rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ìhà. Gord gbé ọwọ́ láti dá a dúró, àmọ́ Mardiyah mirí pé rárá, ó nà ró, ó sì gbé ọwọ́ sókè. Adájọ́ ní kí a máa jà.

Ọdún méjìdínlógún ni mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì. Mo wo àyà rẹ̀, mo rí i pé apá òsì ń gbé sókè bó ṣe ń mí, apá ọ̀tún ò gbé dáadáa. Ètè rẹ̀ ti ń yí àwọ̀ padà. Pẹ̀lẹ́ dé orí ahọ́n mi. Mo bu rọ́bà jẹ. Bí mo bá sọ ọ́, ọdún mẹ́sàn-án ti lọ. Bí ọwọ́ mi bá wálẹ̀, ọdún mẹ́sàn-án ti lọ. Aago ní ó ku ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ. Mo ju ẹ̀ṣẹ́ lọ́nà orí rẹ̀, mo mọ̀ pé kò ní kàn án, ó gbé apá ọ̀tún sókè láti gbà á, ìhà rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀. Mo wo ibẹ̀. Mo sì gbá a níbẹ̀ gan-an.

Ó ṣubú láìsọ̀rọ̀. Wọ́n fọn fèrè.

Gord so bẹ́líìtì dúdú mọ́ mi nídìí. Ó ní láti ọdún tí òun ti ń ṣe é, òun ò rí ẹni tó parí ìjà báyìí rí. Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Ọláwándé gbé mi sókè, ó ń pariwo oríkì mi láàárín àwọn òyìnbó. Láti èjìká rẹ̀ ni mo ti rí Mardiyah lórí àga, ojú rẹ̀ rí bí eérú, ẹnì kan ń pe ambulance. Wọ́n gbé e lọ kí n tó bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń kí mi.

Egungun ìhà méjì ló kán. Ọ̀kan sì gún ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Dókítà ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé gbígbá kejì ló ti egungun náà wọlé.

"Kí lo fẹ́ ṣe?" ni Ọláwándé wí nínú ọkọ̀. "Ṣebí bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe máa ń ṣe é ní basement? Á ṣubú, á máa ṣe bí ẹni ń kú. Báwo lo ṣe fẹ́ mọ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Gord náà sọ ọ́ lórí fóònù, ó ní Mardiyah fúnra rẹ̀ ló ní kí a máa jà. Mo gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ wọn, mo sì ń tún un sọ fún ara mi títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ọ̀sán Sunday ni mo lọ wò ó. Rọ́bà kan wọ ìhà rẹ̀ lọ, ó ń fa afẹ́fẹ́ jáde sínú àpótí omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Aṣọ ọsibítù tóbi jù fún un, ó wá kéré sí mi lójú. Nígbà tó rí mi, ó fẹ́ dìde, kò lè dìde.

"Ẹ̀gbọ́n," ni ó wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń sùn lọ. "Ẹ kú oríire."

"Pẹ̀lẹ́, Mardiyah," ni mo wí. Láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó jáde lẹ́nu mi bí ọ̀rọ̀ èdè tí mo ń kọ́.

Ó wò mí. Omi ń hó nínú àpótí. Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ẹ rò pé eré wa ni, àbí? Ẹ rò pé mo ń ṣe bíi ti basement."

Ó tẹ́ àwáwí náà sílẹ̀ fún mi bí ẹní àlejò, kí n ṣáà jókòó. Bí mo bá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, a ó jọ rẹ́rìn-ín, á sàn, á padà sí karátè, á máa kúnlẹ̀ kí mi. Mo ti ní ìdáhùn náà lẹ́nu. Mo ti ń pèsè rẹ̀ sílẹ̀ láti àná.

"Rárá," ni mo wí. "Ní basement, o máa ń pariwo. Lánàá, o ò pariwo. Mo gbọ́ ọ nígbà tó kán. Mo rí bí o ṣe ń mí. Mo mọ̀ kí n tó gbá ọ lẹ́ẹ̀kejì, mo sì tàn ọ́ kí o lè gbé ọwọ́ kúrò níbẹ̀. Má bìínú. Jọ̀ọ́, forí jì mí."

Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó yí orí sí ọ̀nà fèrèsé, níbi tí snow ti ń bọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe nọ́ọ̀sì."

Mo ti sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ti na ọwọ́ sí rọ́bà náà. "Kí ni? Ṣé ó ń dùn ọ́ ni? Nọ́ọ̀sì ṣáà ni mí, jẹ́ kí n wò ó."

"Ẹlòmíràn," ni ó wí. "Ẹ bá mi pe ẹlòmíràn."